Ikùn Ọkùnrin, Ọrùn Obìnrin: Ọ̀rá Ara àti Èémí Tó Ń Sé Lójú Oorun

Ìgbìmọ̀ tó pè mí sí Ẹdẹ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ikùn àti oorun. Wọ́n ní kí n sọ ọ́ bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún ìyá mi. Kò ṣòro fún mi, nítorí ìdílé ìyá mi gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti bá mi.

Màmá Ẹlẹ́lùbọ́ la máa ń pè wọ́n. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni wọ́n, Ọjà Tìmì ni wọ́n ti ń tajà. Ọkọ wọn, Bàbá, sanra níkùn gan-an. Bí Bàbá bá fẹ́ dìde lórí àga, wọ́n á kọ́kọ́ fi ọwọ́ méjèèjì gbé ikùn, kí wọ́n tó gbé ara yòókù. Tí wọ́n bá ń hanrun lóru, àwa ọmọ tó sùn sí pálọ̀ máa ń gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn méjì. Màmá ní tiwọn ò ní ikùn kan títí. Ìdí ló gba ọ̀rá wọn, àti ọrùn. Ọrùn wọn ki, ó ṣẹ́ po ní ìlà mẹ́ta, àwọn ẹgbẹ́ wọn sì máa ń yìn wọ́n sí i, wọ́n ní ọrùn tí iyùn ń jókòó sí nìyẹn.

Kò tó ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí nǹkan oṣù wọn dúró ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tògbé nídìí ọjà. Mo fi ojú ara mi rí i. Oníbàárà á dúró, Màmá á ti kóńgò bọ inú èlùbọ́, ọwọ́ á sì dúró síbẹ̀. Orí á máa rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí àgbọ̀n á fi kan àyà. Gèlè á yẹ̀. Nígbà tó bá yá wọ́n á ta jí, wọ́n á ní, “Mélòó lẹ ní kí n wọ̀n?” Láàárọ̀, orí á máa fọ́ wọn. Lóru, wọ́n á ṣàdédé dìde jókòó, wọ́n á gbá ọrùn mú, wọ́n á ní ẹnìkan ń fún àwọn lọ́rùn.

Ẹ mọ ohun tí ìdílé máa sọ. Wọ́n ní ọwọ́ ayé ni. A ṣe sàráà, áfáà ṣe àdúà, a tún gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn kan. Dókítà tó wò wọ́n ní ìrònú ló ń dà wọ́n láàmú, ó kọ oògùn oorun fún wọn. Ó wá yíjú sí Bàbá tó sìn wá wá, ó wo ikùn wọn, ó ní, “Bàbá, ẹ̀yin lẹ máa nílò àyẹ̀wò oorun o.” Ohun tó sọ nípa Bàbá, òótọ́ ni. Ẹni tí àìsàn ń ṣe níwájú rẹ̀ ni kò rí. Èmi náà jókòó síbẹ̀, mo ti ń kọ́ṣẹ́ ìṣègùn nígbà náà, n kò rí i. Bẹ́ẹ̀ oògùn oorun tí wọ́n kọ yẹn lè mú kí ọ̀fun ẹni tó ní irú àìsàn bẹ́ẹ̀ túbọ̀ rọ̀. A gbé oògùn náà délé, a sì ń rí i pé wọ́n ń lò ó déédéé.

Ìdí tí mo fi dúró níwájú yín nìyí. Ojú wa ti mọ́ wíwo ikùn, ikùn sì máa ń sọ òótọ́ lára ọkùnrin. Lára obìnrin, díẹ̀ ló ń sọ. Bí a bá ń fi ojú kan náà wo àwọn méjèèjì, àwọn ìyá wa ni àìsàn yìí á máa bá gbé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀.

Kí wá ni àìsàn náà? Àwọn dókítà ń pè é ní sleep apnea. Ní èdè tiwa, èémí ló ń sé lójú oorun. Ẹni náà á sùn, iṣan ọ̀fun rẹ̀ á rọ̀ bó ṣe yẹ kó rọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà lẹ́yìn ahọ́n á há, tàbí kó tilẹ̀ pa dé pátápátá. Àyà á máa gbìyànjú, ikùn á máa lọ sókè sódò, afẹ́fẹ́ ò ní wọlé. Tó bá ti tó ìṣẹ́jú-àáyá 10, a ti ka ìkan. Ọpọlọ á rí i pé afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ ti ń dín kù, á ta onítọ̀hún jí fẹ́ẹ́rẹ́, jíjí tí kò ní rántí lówùúrọ̀. Ọ̀fun á ṣí, á mí pẹ̀lú ariwo bí ẹni tó yọ lábẹ́ odò, á tún sùn lọ. Kò ní pẹ́, ó tún di bẹ́ẹ̀. Tó bá ń tó ìgbà 5 sí 14 ní wákàtí kan, a ní ó kéré. Láti 15 dé 29, ó wà láàárín. Tó bá ti tó 30, ó le. Ẹ rò ó wò: ìgbà 30 ní wákàtí kan túmọ̀ sí pé ní ìṣẹ́jú méjì-méjì ni wọ́n ń jí ẹni náà, láti ìgbà tó ti fi orí lélẹ̀ títí ìmọ́lẹ̀ fi là. Ta ni ò ní tògbé nídìí ọjà?

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń hanrun ló ní in o. Ẹlòmíràn á hanrun láti alẹ́ dòwúrọ̀, kò sí nǹkan kan tó ń ṣe é ju ariwo lọ. Ibi tí ìhanrun ti dákẹ́ lójijì, tí gbogbo yàrá pa rọ́rọ́, tó wá bú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ibẹ̀ ni kí ẹ ti máa ṣọ́ra.

Báwo wá ni ikùn ṣe kan ọ̀fun? Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń bi mí ní ìbéèrè yẹn, torí ibi tí ìkíní wà jìnnà sí ibi tí ìkejì wà. Ẹdẹ ni mo wà, ẹ jẹ́ kí n fi ìlù ṣàlàyé. Tìmì Adétòyèsè Láoyè, tó jọba láti 1946 di 1975, jẹ́ ọba tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ lùlù, tó sì kọ̀wé nípa ìlù Yorùbá. Ẹni tó bá ti gbé dùndún kọ́ apá rí mọ̀ pé ọsán tó so awọ òkè mọ́ awọ ìsàlẹ̀ ló ni ohùn. Bí onílù bá fún ọsán mọ́ra, awọ á le, ohùn á gòkè. Bó bá dẹ ọsán, awọ á dẹ̀, ohùn á wálẹ̀. Ọ̀fun tiwa náà ní ọsán. Ẹ̀dọ̀fóró ló ń ṣe iṣẹ́ ọsán fún un. Bí ẹ̀dọ̀fóró bá kún, tó sọ̀kalẹ̀ dáadáa nínú àyà, ó ń fa ọ̀nà èémí láti ìsàlẹ̀. Ọ̀nà náà á nà, ara rẹ̀ á le, kò ní tètè lẹ̀ mọ́ra wọn. Ṣùgbọ́n lábẹ́ ẹ̀dọ̀fóró ni iṣan pẹrẹsẹ kan wà tó pààlà láàárín àyà àti ikùn. Ẹni tí ọ̀rá kún inú ikùn rẹ̀, bó bá dùbúlẹ̀ gbalaja, gbogbo ẹrù yẹn á ti iṣan náà sókè. Ẹ̀dọ̀fóró á há síbi kékeré. Ọsán á dẹ̀. Ọ̀fun tó ti ń rọ̀ nítorí oorun á wá wó pọ̀. Ẹ̀dọ̀fóró tó há yẹn ò sì ní afẹ́fẹ́ púpọ̀ ní ìpamọ́, nítorí náà, bí èémí bá sé, kì í pẹ́ rárá kí ẹ̀jẹ̀ tó mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rá tó ń ṣe èyí kì í ṣe èyí tí ẹ lè fi ìka méjì fà lábẹ́ awọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń pa àgbò iléyá mọ èyí tí mò ń sọ: ọ̀rá funfun tó bo ìfun bí aṣọ, tí ẹ máa ń ká kúrò kí ẹ tó rí ìfun. Ènìyàn náà ní irú rẹ̀. Ikùn tó kún fún un máa ń le, ó máa ń yọ síwájú, kì í gbọ̀n. Ọkùnrin ló sábà máa ń kó o jọ, kódà kó má tíì sanra níbòmíràn. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ṣì ń wá, ìdí, itan àti ọmú ni ọ̀rá tirẹ̀ máa ń lọ, lábẹ́ awọ. Àwọn aránṣọ ìlú yìí mọ èyí kí dókítà tó mọ̀ ọ́n. Aránṣọ tó ti ń ran ṣòkòtò fún ọkùnrin kan láti ìgbà tó wà lọ́mọ ọgbọ̀n ọdún máa rí i nínú ìwé tó ń kọ ìwọ̀n sí: ìbàdí kúrò ní 32, ó di 36, ó di 41, itan ò sì yí padà tó bẹ́ẹ̀. Ti obìnrin, ìdí àti àyà ló máa kọ́kọ́ yí. Ìgbà tó bá ń lọ sí àádọ́ta ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ ni ikùn máa ń wọ inú ọ̀rọ̀.

Dókítà ará Faransé kan, Jean Vague, ní ìlú Marseille, ló kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1947 pé kí a má kàn máa wo bí ènìyàn ṣe sanra tó, kí a wo ibi tí ọ̀rá náà wà. Pé sísanra bí ọkùnrin, lókè ara, ló ń bá àtọ̀gbẹ àti àrùn ọkàn rìn. Ó pẹ́ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó gbọ́ ọ. Ní Marseille yẹn kan náà, ní 1965, Henri Gastaut àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fi ẹ̀rọ ṣọ́ àwọn tó sanra jù lójú oorun, wọ́n rí i pé èémí ń sé, ó ń ṣí, ó tún ń sé. Lọ́dún náà, àwọn oníwàádìí méjì, Jung àti Kuhlo, rí ohun kan náà ní Jámánì. Títí di ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ dókítà ò mọ̀ pé èémí tó ń sé lóru ló ń mú kí irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ máa sùn lọ́sàn-án.

Ìwádìí tó mú mi dá ọ̀rọ̀ ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò ní ti obìnrin jáde ní 2010, láti Ìwọ̀-Oòrùn Ọsirélíà. Àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò ò tó 100, ṣùgbọ́n wọ́n fi ẹ̀rọ wọn ọ̀rá ara wọn níbì kọ̀ọ̀kan: ọrùn lọ́tọ̀, àyà lọ́tọ̀, ikùn lọ́tọ̀. Wọ́n wá béèrè pé, kí ló dé tí ti ẹnìkan fi le ju ti ẹnìkejì lọ? Lára àwọn ọkùnrin, ọ̀rá ikùn, pẹ̀lú bí ọrùn ṣe tóbi tó sí ìbàdí, ló ṣàlàyé 37 nínú 100. Lára àwọn obìnrin, ọ̀rá ọrùn, pẹ̀lú bí gbogbo ara ṣe sanra tó sí gíga wọn, ló ṣàlàyé 33 nínú 100. Ẹ gbọ́ ìyẹn dáadáa. Nígbà tí wọ́n wá ohun tó ń sọ bí àìsàn náà ṣe le tó lára obìnrin, ọrùn ni wọ́n bá.

Ẹ má ṣe gbọ́ ohun tí n kò sọ o. 37 kì í ṣe 100, 33 náà kì í ṣe 100. Bí àgbọ̀n ṣe rí ń bẹ níbẹ̀, bí ọ̀fun ṣe gùn tó ń bẹ níbẹ̀, ọjọ́ orí ń bẹ níbẹ̀, ìdílé tí a ti wá ń bẹ níbẹ̀. Mo ti rí ọkùnrin tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ọ̀pẹ tí èémí rẹ̀ ń sé. N kò sì sọ pé ikùn obìnrin ò ṣe nǹkan kan. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tó bá ń dúró kí ikùn obìnrin tó yọ kó tó béèrè nípa oorun rẹ̀ á pẹ́ jù.

Kí ló ń dáàbò bo obìnrin nígbà èwe? Ọ̀nà èémí ọkùnrin, láti ẹ̀yìn ẹnu dé gògóńgò, gùn ju ti obìnrin lọ, ohun tó gùn tó sì rọ̀ máa ń tètè wó. Lẹ́yìn ìyẹn, họ́mónù obìnrin wà, pàápàá progesterone, tó máa ń rán ọpọlọ létí pé kó mí. Ẹ wo aláboyún. Ikùn rẹ̀ ga ju ti ọ̀gá ilé iṣẹ́ kankan lọ, ó sì ń ti iṣan àárín sókè bákan náà, síbẹ̀ họ́mónù yẹn pọ̀ lára rẹ̀ débi pé èémí rẹ̀ túbọ̀ ń jinlẹ̀ ni. Pẹ̀lú ìyẹn náà, aláboyún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ń ru, kó sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì rẹ̀.

Nígbà tí nǹkan oṣù bá dúró, ààbò yẹn á lọ, ọ̀rá á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kúrò ní ìdí lọ sí ikùn. Bixler àti àwọn oníwàádìí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ní Pennsylvania l'Amẹ́ríkà, tẹ iye rẹ̀ jáde ní 2001. Àwọn ọkùnrin tó ní àìsàn náà débi tó ń hàn lára jẹ́ 3.9 nínú 100. Obìnrin tó ṣì ń rí nǹkan oṣù rẹ̀, 0.6. Èyí tí tirẹ̀ ti dúró tí kò lo họ́mónù, 2.7. Èyí tí tirẹ̀ ti dúró tó ń lo họ́mónù, 0.5. Láti 0.6 sí 2.7! Ó lé ní ìlọ́po mẹ́rin. Kò sí ẹni tó ń kìlọ̀ fún àwọn ìyá wa pé oorun wọn máa yí padà bẹ́ẹ̀. Ooru ara nìkan ni wọ́n ń gbọ́ nípa rẹ̀. (Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni sáré lọ ra họ́mónù ní kẹ́míìsì o. Ó ní ewu tirẹ̀, dókítà ló lè bá yín wọ̀n ọ́n.)

Mo ti sọ fún yín pé Màmá máa ń jí lóru, tí wọ́n á ní ẹnìkan ń fún àwọn lọ́rùn. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ìyẹn, nítorí mo mọ̀ pé nínú gbọ̀ngàn yìí, ẹni tó ti gbọ́ irú rẹ̀ nílé rẹ̀ kò kéré. Oorun wa kì í ṣe oríṣi kan. Apá kan wà nínú rẹ̀ tó jẹ́ oorun àlá, ìgbà yẹn sì ni iṣan ara máa ń rọ̀ jù. Lára ọkùnrin, èémí máa ń sé nínú oorun gbogbo. Lára ọ̀pọ̀ obìnrin, inú oorun àlá ló ti máa ń sé jù, ó lè má sì pẹ́ tó ti ọkùnrin, ó lè má dún tó o, ṣùgbọ́n ó ń já oorun wọn. Ẹ wá rò ó: obìnrin ń lá àlá lọ́wọ́, afẹ́fẹ́ tán lọ́fun rẹ̀, ó sì ta jí pẹ̀lú àlá náà lójú. Kí ló máa sọ? Á ní wọ́n ń fún òun lọ́rùn. Ohun tó sọ ò yàtọ̀ sí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i. Ọ̀fun rẹ̀ pa dé ní tòótọ́. Ẹ̀yin áfáà àti pásítọ̀, mi ò bá yín jà, ẹ máa gbàdúrà fún wọn. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni pé, bí obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún bá bá yín sọ irú àlá bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ bi í bóyá ó ń tògbé lọ́sàn-án, bóyá orí ń fọ́ ọ láàárọ̀. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ gbàdúrà tán, kí ẹ fi í ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn. Ẹ̀yin lẹ máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ọ, kí àwa tó gbọ́.

Torí pé àwọn obìnrin kì í sábà bá dókítà sọ pé àwọn ń hanrun. Wọ́n á ní oorun ò wá. Wọ́n á ní ó ń rẹ àwọn, ọkàn àwọn ò balẹ̀, orí ń fọ́ àwọn. Dókítà á gbọ́ ìrònú, á kọ oògùn ìrònú. Ní 1993, àwọn oníwàádìí ní Wisconsin l'Amẹ́ríkà, tí Terry Young ṣáájú wọn, wo àwọn òṣìṣẹ́ láti ọdún 30 sí 60 lójú oorun. Ọkùnrin 24 nínú 100 àti obìnrin 9 nínú 100 ni èémí wọn ń sé tó ìgbà 5 ní wákàtí kan. Ìyẹn jẹ́ bíi ọkùnrin méjì àtààbọ̀ sí obìnrin kan. Ṣùgbọ́n ní ilé ìwòsàn oorun láyé ìgbà yẹn, ọkùnrin mẹ́jọ ni wọ́n ń rí kí wọ́n tó rí obìnrin kan. Níbo ni àwọn obìnrin yòókù wà? Ilé ni wọ́n wà, wọ́n ń lo oògùn ìrònú.

Ohun kan tún wà tó jẹ́ ti ilé tiwa. Ìyàwó ló máa ń mú ẹjọ́ ọkọ wá: “Dókítà, ẹ bá mi wo bàbá yìí o, wọn ò jẹ́ kí n sùn.” Ta ló máa mú ẹjọ́ ìyàwó wá? Ọkọ ti sùn fọnfọn. Nínú ilé olórogún, yàrá ìyálé lọ́tọ̀, ti ìyàwó lọ́tọ̀. Opó ńkọ́? Ọmọ-ọmọ ló ń sùn tì í. Mo ti kọ́ láti máa béèrè lọ́wọ́ ọmọ-ọmọ. Bó ṣe rí fún Màmá nìyẹn lẹ́yìn tí Bàbá ti kú. Ọmọ-ọmọ wọn, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó ń bá wọn sùn, ló sọ fún mi pé, “Màmá máa ń dákẹ́. Mo máa ń ka oókan, eéjì. Ọjọ́ kan mo kà á dé méjìlélógún kí wọ́n tó mí.” Ọmọ náà ti ń kà á fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ̀rù ń bà á pé bí òun bá sùn, ìyá àgbà ò ní mí mọ́. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni torí kò sí ẹni tó bi í.

Ẹ jẹ́ ká wo ilé wa dáadáa. Láàárín àwọn ọdún 1990, Richard Cooper ti Yunifásítì Loyola ní Chicago àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọn àwọn ènìyàn dúdú láti Ìgbó-Ọrà àti Ìdíkàn n'Ìbàdàn, wọ́n tún wọn àwọn mìíràn ní Kamẹrúùnù, ní Jàmáíkà, Saint Lucia àti Barbados, títí dé Maywood lẹ́bàá Chicago. Ẹ̀jẹ̀ ríru jẹ́ 16 nínú 100 ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, 26 ní àwọn erékùṣù yẹn, 33 ní Maywood, sísanra sì ń gòkè pẹ̀lú rẹ̀ láti ibi dé ibi. Ìran kan náà ni wọ́n, ikùn ló yàtọ̀. Ọ̀nà yẹn làwa náà ń tọ̀ báyìí. Ìwádìí ìjọba àpapọ̀ ti 2018 rí i pé nínú obìnrin 100 tó wà láàárín ọdún 15 sí 49 ní Nàìjíríà, 28 ló sanra ju bó ṣe yẹ lọ. Nítòsí wa níbí, àwọn dókítà ní Ilé-Ifẹ̀ ti wo ewu èémí sísé láàárín àwọn tó ní àtọ̀gbẹ, wọ́n sì rí i pé ó wà níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ tí à ń lo oògùn sí láàárọ̀, òmíràn nínú wọn ń gba agbára kún agbára lóru. Ìwádìí Wisconsin tó jáde ní 2000 fi hàn pé ẹni tí èémí rẹ̀ ń sé tó ìgbà 15 ní wákàtí kan, ewu pé kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru láàárín ọdún mẹ́rin fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta. Ẹ̀yin awakọ̀ tí ẹ ń ná Àkódà sí Gbọ̀ngán, mo ní kí n má gbàgbé yín: oorun tó ń kì yín mọ́lẹ̀ nídìí ọkọ̀ lójú ọ̀sán gangan, ẹ má fi obì nìkan lé e.

Ìtọ́jú wà. Colin Sullivan, dókítà kan ní Sydney, ló fi ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí imú han ayé ní 1981. Atẹ́gùn yẹn ló ń di ọ̀fun mú kó má wó, òun sì ni ìtọ́jú tó lágbára jù títí dòní. Ó wọ́n, ó sì nílò iná ní gbogbo òru, ẹ sì mọ bí iná wa ṣe rí. Ẹni tó ní inverter tàbí bátìrì tó dára lè lò ó. Ní oṣù Kejìlá 2024, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí tirzepatide, abẹ́rẹ́ tó ń dín ara kù, fún àwọn tó sanra jù tí àìsàn náà sì wà lára wọn. Ẹ má rà á lọ́wọ́ ẹni tó ń polówó lórí fóònù.

Èyí tó wà lọ́wọ́ gbogbo wa ni ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ara. Àwọn ará Wisconsin yẹn rí i pé ẹni tí ara rẹ̀ fi ìdá 10 nínú 100 wúwo sí i, iye ìgbà tí èémí rẹ̀ ń sé á fi nǹkan bí ìdá 32 gòkè. Ẹni tí tirẹ̀ bá dín ní ìdá 10, á fi nǹkan bí ìdá 26 wálẹ̀. Ẹni tó wọn kílò 90, kílò mẹ́sàn-án là ń sọ. Kì í ṣe pé kó gbẹ di egungun. Ní 2020, àwọn oníwàádìí ní Yunifásítì Pennsylvania yẹ ibi tí ọ̀rá ti dín wò lára àwọn tó dín ara kù, wọ́n rí i pé ọ̀rá inú ahọ́n ló ṣe pàtàkì jù. Bẹ́ẹ̀ ni, ahọ́n náà ń sanra. Ọkùnrin tó bá jẹ àmàlà rẹ̀ ní agogo méje dípò mọ́kànlá, tó rìn láti ilé dé mọ́ṣáláṣí dípò kó gun ọ̀kadà, ikùn rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ gbọ́. Ara obìnrin máa ń lọ́ra, pàápàá lẹ́yìn nǹkan oṣù, kí ọkọ má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Lóru, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ sùn, ẹ má sùn gbalaja. Ẹ gbé ibi orí ibùsùn sókè díẹ̀. Kí ẹ jìnnà sí ọtí lálẹ́, àti oògùn oorun tí dókítà tó mọ ọ̀ràn yín ò kọ.

Màmá ṣe àyẹ̀wò nígbà tó yá. Àwọn ọmọ wọn dá owó jọ, wọ́n ra ẹ̀rọ àti bátìrì. Ó le fún wọn ní oṣù àkọ́kọ́, wọ́n ní ó dà bí ẹni tí wọ́n dè lẹ́nu, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n jù ú sábẹ́ ibùsùn. Ọmọ-ọmọ yẹn ló ń mú un jáde, tó ń bá wọn so ó. Ó ti ń sùn báyìí, kò kà mọ́.

Àwọn nọ́ọ̀sì wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú tépù aránṣọ. Ẹ̀yin ọkùnrin, ìbàdí ni wọ́n máa wọ̀n, wọ́n á sì wọn ọrùn: ìbàdí tó bá ju 40 ínǹṣì lọ, ọrùn tó bá tó 17, kí ẹ dúró bá mi sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ìyá, ti ìbàdí yín 35, ti ọrùn 16. Ọrùn ni kí wọ́n kọ́kọ́ wọ̀n fún yín, nítorí náà ẹ jọ̀wọ́, ẹ bọ́ iyùn sílẹ̀ kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ wọn, kí ẹ sì mú ọmọ tó ń bá yín sùn dání.